Àga Ìyá Rẹ Ni Kí O Kọ́kọ́ Gbé Wọ Yàrá Náà

Ilé wa lórí omi, Awóyè.

Tèmídire, ọmọbìnrin mi àtàtà,

Awakọ̀ tó ń ná Igbókọ̀dá fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú àwòrán yàrá fíìmù tí o yà sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwòrán yẹn ti wà lórí tábìlì mi, mo sì ti fi rúlà wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń wò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé tuntun rẹ ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó ní, "Ọmọ mi mọ ìlà fà." Ó dá a padà fún mi, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Mi ò sọ fún un pé nítorí tirẹ̀ ni o ṣe fa ìlà náà.

Kí n tó dárúkọ sípíkà kankan, jẹ́ kí n sọ ohun tó kún inú mi. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì lórí rígì tí wọ́n ti ń wa epo. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wo iná àwọn rígì yẹn lójú òkun, bí ìlú tí ojú ń rí ṣùgbọ́n tí àjẹ̀ kò lè gbé èèyàn dé. Nígbà náà, bí ọmọ agbègbè wa bá débẹ̀, ẹrù ló ń rù, tàbí kó máa se oúnjẹ, tàbí kó máa ṣọ́ ọkọ̀. Lónìí, ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì ń pa á, ọmọ tèmi ni, ọmọ tí a bí sínú ilé onípákó. Mo ti sọ ọ́ ní èbúté. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Tèmídire, ẹ ti sọ fún ọkùnrin yìí lánàá." Mo ní ó ṣeé ṣe kí ó má gbọ́ dáadáa. Ó gbọ́ o. Mo kàn fẹ́ tún un sọ ni.

O wá kọ́lé sí Igbókọ̀dá, lórí ilẹ̀ tó le, ilé tí a kò ní fi òpó gbé dúró. Nínú gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀, èyí tí o kọ́kọ́ ń ronú nípa rẹ̀ ni yàrá tí ìyá rẹ yóò ti máa wo fíìmù. Ọ̀rọ̀ rígì yẹn mú mi yan káàkiri ìlú. Èyí ni ó mú mi jókòó.

Ó dára. Ìbéèrè rẹ nìyí: ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ẹ̀rọ l'Ékòó fi oríṣi méjì hàn ọ́. Ọ̀kan ní sípíkà méje àti wúfà méjì, àwọn àpótí béèsì tó ń mú ilẹ̀ mì, èkejì ní sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. Ó ní irú èèyàn bíi tìrẹ, oníméje ló yẹ ẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ń kọjá lọ ní títì yóò mọ̀ pé o ra nǹkan. O fẹ́ kí n yàn fún ọ, nítorí pé mo kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ti to ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì létí omi yìí. Màá yàn fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá, torí ẹni tó ń tajà kò bi ọ́ léèrè rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń mọ ọkọ̀ gbogbo èèyàn láti ohùn ẹ́ńjìnnì wọn. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn kọ́nà, tí ojú kò tíì rí i, yóò ti dárúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwa yòókù á máa bá a jiyàn, a ò sì jàre rẹ̀ rí. Nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, èmi àti ìyá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa edé. Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó gbé ọ wá. Mò ń retí kí ó ní, "Ọmọ mi ti dé." Kò gbórí sókè. Ọkọ̀ yẹn yí kọ́nà, ó la ojú omi kọjá, ó fara kan òpó ilé wa kí ìyá rẹ tó mọ̀. Nígbà tí o gun àkàbà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O yọ́ wọlé bí olè." Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Dókítà tí o mú un lọ bá sọ pé etí méjèèjì ló ń rọlẹ̀, pé ti òsì ló burú jù. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó ń lò ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì ti délé báyìí, inú ife ló ń kó o sí. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Gbogbo ariwo ló ń kó wá fún mi. Kò kó ọ̀rọ̀ wá." Jọ̀ọ́, má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ fún ọ nípa sípíkà, inú rẹ̀ ló wà.

Ohun tí o kò sí nílé láti rí ni èyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ Bọ́sẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń péjọ sí láti wo fíìmù. O mọ̀ pé bí àbúrò ìyá rẹ yìí bá ń rẹ́rìn-ín, ilé ń mì. Mo ṣàkíyèsí pé ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Mo tún wò ó dáadáa: ojú Bọ́sẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Bí Bọ́sẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ó ní fíìmù ayé ìsinsìnyí, irọ́ lásán ni. Bọ́sẹ̀ rò pé inú ló ń bí i sí òun. Ìyá rẹ ti ń yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín èèyàn díẹ̀díẹ̀, Tèmídire, ó sì ń ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè. Òun ni a fẹ́ fà padà. Bí yàrá rẹ kò bá lè ṣe ìyẹn, gbogbo sípíkà Èkó kò wúlò níbẹ̀.

O kò mọ irú ẹni tí ìyá rẹ jẹ́ nídìí fíìmù. A kò tíì bí ọ lásìkò yẹn.

Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Ní ìsinmi kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Akin gba Wàrì, a fi ọkọ̀ kó tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wá. A kó sípíkà ńlá méjì mọ́ ọn. Káfíńtà kan bá wa kan àpótí béèsì, ó fẹ̀ tó àpótí aṣọ ìyàwó. Pálọ̀ bàbá Akin ni a sọ di ilé fídíò, ilé onípákó lórí òpó bíi tiwa yìí.

O mọ àwa èèyàn etí omi. Ẹni tó bá ra ohun tó ń kọrin, ojú omi ló ń kọ ọ́ sí. Bí ohùn rẹ̀ kò bá dé òdìkejì, wọ́n á ní ó ra nǹkan, ó sì fi pamọ́. Nítorí náà, èmi àti Akin, ọ̀mọ̀wé méjì, gbé sípíkà méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kọjú wọn sí omi. A gbé àpótí béèsì kalẹ̀ sórí pákó nínú ilé.

Àwọn tó jókòó sínú ilé ń wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lóde, tí wọ́n di òpó ilé mú, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn kò sì rí nǹkan kan. Àpótí béèsì ní tirẹ̀ wọ inú pákó lọ. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, ṣíbí ń jó nínú abọ́. Edé tí ìyá Akin sá sínú yàrá kejì ń rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí àtẹ, ó ń gba àárín pákó bọ́ sínú omi. Ìyá náà yọjú.

"Akin, ta ló ń da edé mi sódò?"

"Màámi, fíìmù ni."

"Ẹ bá mi sọ fún fíìmù pé kó lọ kó o wá."

Ìdáhùn wa sí gbogbo wàhálà yìí ni pé a fi kún ohùn. Àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn ń bèèrè pé, "Kí ló wí? Kí ló wí?" A tún fi kún un. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ níwájú bá dìde. Mo ti ń rí i ní èbúté tẹ́lẹ̀, a kò tíì sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará yunifásítì," ó ní, "kò sẹ́ni tó ní kò pariwo tó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni a kò gbọ́."

Akin ní, "Ṣé ìwọ lo gbé jẹnẹrétọ̀ wá láti Wàrì ni?"

"Rárá. Etí ni mo gbé wá láti ilé. Ẹ gbé ọ̀kan nínú nǹkan yẹn wọlé, kó wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ẹnu wọn wà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Akin díẹ̀, ṣùgbọ́n a gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kedere láti ibi tí à ń wò. Ilé pa rọ́rọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà lóde bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ lu òpó ilé.

"Ẹ̀yin ará inú ilé, ẹ ti sé wa mọ́ta o."

Ọmọbìnrin yìí ṣí fèrèsé, ó yọrí sí wọn. "Ọkọ rẹ̀ ló ní ebi ò pa òun. Irọ́ ló ń pa, ó ti jẹun níbòmíràn." Gbogbo ojú omi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ibùjókòó rẹ̀ wà láàárín tẹlifíṣọ̀n àti fèrèsé. Ohun tí àwọn àgbàlagbà kò bá gbọ́ tàbí tí kò bá yé wọn, òun ló ń sọ ọ́ fún wọn ní èdè wa, nígbà míràn ó dùn ju ohun tí wọ́n sọ nínú fíìmù lọ. Ó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn á sì máa dúró dè é láti mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìsinmi ni mo ń wálé. Mo ní mò ń wá bójú tó fídíò wa. Akin mọ̀ pé kì í ṣe fídíò.

Ẹni yẹn ló wá ń wo ojú àbúrò rẹ̀ báyìí kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye sípíkà. Gbé àga kan wọ inú yàrá náà nígbà tó ṣì ṣófo, àga tí ìyá rẹ yóò máa jókòó sí, kí o sì wọn ohun gbogbo láti ibẹ̀. Etí ọ̀tún rẹ̀ ló ṣì dára. Jẹ́ kí àga náà wà ní apá òsì díẹ̀, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè wà ní ìhà àárín yàrá. Má gbé e sí àárín gbùngbùn nítorí pé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní kí àga wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ ìyá rẹ. Má sì gbé e mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Béèsì máa ń kó jọ sí ìdí ògiri, ó sì máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Èkejì ni sípíkà àárín, èyí tó gùn gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà á sí, torí kì í ga bí àwọn yòókù, kì í sì í ṣe òun ni àlejò máa ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde nínú fíìmù. Bí o bá fẹ́ náwó jù síbì kan, síbẹ̀ ni kí o ná an. Bó bá wà nísàlẹ̀, fi nǹkan gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè kọjú sí etí ẹni tó jókòó, kì í ṣe sí orúnkún rẹ̀. Má sì tì í wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohùn tó ń ti inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde dà bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀.

Mo ti dé orí márùn-ún àbí méje. Oníméje dára bí yàrá bá gùn, tí àyè sì wà lẹ́yìn àga. Sípíkà méjì tó lé yẹn, ẹ̀yìn àga gan-an ni ibùjókòó wọn. Mo wo àwòrán rẹ: bí a bá ti gbé àga kúrò lára ògiri bí mo ṣe wí, àyè tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ju èyí tí èèyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà kọjá lọ. Sípíkà tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn èèyàn ni yóò ti máa sọ̀rọ̀. Márùn-ún tó fún ọ. Gbé ọ̀kan sí apá òsì tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan sí apá ọ̀tún, kí ìdajì òkè wọn má jìnnà sí ìwọ̀n etí. Méjì tó kù, fi wọ́n sára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ àga, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n sì ga ju orí lọ. Òjò, afẹ́fẹ́ àti èrò ọjà ni iṣẹ́ wọn. Jẹ́ kí wọ́n rọra ṣe é. Bí òjò inú fíìmù bá ti ń bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti kọjá àyè wọn nìyẹn.

Ohun tí a fi edé ìyá Akin kọ́ ni pé béèsì kì í dúró síbi tí a gbé e sí. Ilẹ̀ tìrẹ kọnkéré ni, kò ní jó bíi ti pákó wa, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ yàrá lè sọ wúfà kékeré di ariwo ńlá. Ibi tó dára fún un kò sí nínú ìwé kankan. Bí mo ṣe ń wá a nìyí: gbé wúfà náà sórí àga ìyá rẹ fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ kí orin máa lọ, kí o wá máa rákò lọ nídìí ògiri iwájú. Níbi tí béèsì bá ti dún ní mímọ́, tí kò hó, tí kò sì rọ, ibẹ̀ ni kí o gbé wúfà sí; bí etí rẹ ṣe gbọ́ ọ níbẹ̀ ni etí ìyá rẹ yóò ṣe gbọ́ ọ lórí àga. Èmi náà rákò nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan báyìí, àwọn ìyá ìjọ rò pé mò ń wá owó tó bọ́ lápò mi ni, wọ́n sì bá mi wá a. Wúfà kan tó. Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju bí ọ̀dọ́kùnrin Èkó yẹn yóò ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó ń kọjá ní títì kò pọn dandan kí ó mọ̀ pé o ra nǹkan. Mo mọ̀ pé àìsàn yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí o bá tò ó tán, ọwọ́ rẹ yóò máa yún ọ láti ṣí fèrèsé kí o sì yí sípíkà síta. Fara dà á.

Ilẹ̀ onítáìsì àti fèrèsé onígíláàsì gbogbo tí o yà yẹn, wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n wọn kò dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ohùn máa ń lù wọ́n, á padà, á sì gun orí ohùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí etí rẹ̀ péye lè ya wọ́n sọ́tọ̀, ìyá rẹ kò lè yà wọ́n mọ́. Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn síwájú àga, fi kọ́tìnì tó wúwo bo fèrèsé, kí o sì gbé àga onítìmùtìmù wọlé. Kí o tó ra ohunkóhun, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní àárín yàrá. Bí àtẹ́wọ́ náà bá dá ọ lóhùn, kápẹ́ẹ̀tì kò tíì tó.

Nípa iná, ìwọ ni ẹnjiníà, mi ò ní kọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ rán ọ létí pé jẹnẹrétọ̀ tó bá wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá yẹn lè ba iṣẹ́ sípíkà gbogbo jẹ́. Gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, tàbí kí o fi ínfátà oníbátìrì gbé iná yàrá náà nìkan. Wáyà sípíkà, ra èyí tó jẹ́ kọ́pà gidi, kí o sì máa ṣí ìdí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun ń dé Igbókọ̀dá náà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa di àwọ̀ ewé kí ọdún tó yípo.

Wàyí o, o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé yàrá náà máa ṣókùnkùn biribiri bíi ti sinimá gidi. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Fi iná kékeré kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ìyá rẹ lè máa rí ojú àti ẹnu ẹni tó jókòó tì í. Bí Bọ́sẹ̀ bá sọ̀rọ̀ sí i nínú òkùnkùn, kò ní gbọ́, yóò sì kàn rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ibi tí a fẹ́ mú un kúrò nìyẹn.

Nígbà tí o bá lọ dán ẹ̀rọ náà wò, wọn yóò fi fíìmù tí ilé ti ń bú gbàmù hàn ọ́. Gbogbo sípíkà ló mọ ìyẹn ṣe. Mú fíìmù Yorùbá tìrẹ lọ́wọ́, èyí tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn nínú kíṣíìnì, tí ìkòkò sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Jókòó, kí o yí ojú kúrò lára àwòrán. Bí o bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìfi kún ohùn, rà á. Bí o bá délé, wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò sípíkà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ náà. Fi díẹ̀ kún ti àárín, kí o dín ti ẹ̀gbẹ́ kù. Ó tún ní ibì kan tí wọ́n ti ń mú ohun tó pariwo jù rọlẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ohun tó jẹ́jẹ́ sókè. Tan ìyẹn, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí lè má tó. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, nítorí pé o jẹ́ ẹni tó máa ń rò pé kò sí ohun tí irinṣẹ́ kò lè tún ṣe. Sípíkà kò lè wo etí sàn. Ó lè jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni yóò gbọ́ níbi tí kò ti ń gbọ́ rárá tẹ́lẹ̀. Ìdajì yẹn pọ̀. Ìyá rẹ mọ bí a ṣe ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ kọ́ odindi ìtàn. O kò gbọ́ bó ṣe ń ṣe é lójú fèrèsé ìyá Akin.

A óò gba ojú omi wá bá ọ nígbà tí o bá kúrò lórí rígì fún ìsinmi rẹ tó ń bọ̀. Èmi ni n óò wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi mú un dé ibẹ̀. Màá ní o fẹ́ kí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń se púpúrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, tí kò ní kókó. Yóò wá, nítorí pé ó gbà gbọ́ pé o kò mọ̀ ọ́n se. Àǹtí Bọ́sẹ̀ náà yóò bá wa wá.

Nígbà tí ó bá wọ yàrá náà, má ṣàlàyé sípíkà kankan fún un. Má sọ pé torí etí rẹ̀ ni. Yóò mọ̀, jẹ́ kó mọ̀ fúnra rẹ̀. Fi àga rẹ̀ hàn án, kí Bọ́sẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí o tan fíìmù tó ní ẹ̀fẹ̀. Má bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́?" Yóò ní òun ń gbọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó ń fún gbogbo wa nìyẹn. Má wo òun náà jù, yóò rí ọ. Ojú Bọ́sẹ̀ ni kí o máa wò.

Bí Bọ́sẹ̀ bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí ìyá rẹ sì tẹ̀ lé e, rọra mú rímóòtù, kí o fi díẹ̀ kún ti àárín, kí a sì tún dúró. Mi ò ní sọ̀rọ̀. A lè ṣe é títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá bọ́ láti orí àga òsì yẹn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rẹ́rìn-ín, tí ó sì fi ìgúnpá gún àbúrò rẹ̀, tó ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé o gbọ́ ohun tó wí?", gbé rímóòtù sílẹ̀, ìyá mi, má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Èmi bàbá rẹ, tó tún ń lọ sí èbúté láti lọ sọ̀rọ̀ rẹ fún àwọn tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.